Láti Ẹnu dé Ìka: Bí Orin Ṣe Ń Wọ Kíbọ́ọ̀dù

Bọ́tìnnì kan wà lójú kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ "Transpose" sí. Ẹni tó bá ti tẹ dùrù fún ẹgbẹ́ akọrin ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Màmá kan á dìde láàárín ìjọ, á gbé orin níbi tó wù ú, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Atẹdùrù á fi etí wá ohùn màmá náà kàn, á tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, á sì máa tẹ ohun tó ti há sórí lórí C lọ. Ìjọ á gbè é, ijó á bẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìka rẹ̀ kò kúrò lójú kan. N ò bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìn wí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni mo fẹ́ kó jìnnà sí i ná, bí a bá sì ti tú iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù palẹ̀, ìdí rẹ̀ á yé wa.

Ìlú méjèèjì yìí ti mọ dùrù tipẹ́. Ní 1896 ni àwọn míṣọ́nárì CMS gbé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà kúrò ní Èkó wá sí Ọ̀yọ́. Òun ló di St. Andrew's College, orí ilẹ̀ rẹ̀ sì ni Ajayi Crowther University wà lónìí. Iṣẹ́ tíṣà ayé ìgbà yẹn kì í tán sí kíláàsì: òun náà ni wọ́n máa ń rí lọ́jọ́ Àìkú níwájú akọrin, tàbí nídìí hamóníọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ atẹ́gùn sí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi, Nigerian Baptist Theological Seminary, bẹ̀rẹ̀ ní 1898, orin ìjọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló tan sọ́lfà ká láàárín wa, ìyẹn d r m f s l t tí ọ̀gá akọrin ń fi ẹfun kọ sójú pátákó, tí John Curwen sọ di ohun gbogbo ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ tó ń sọ pé òun ò mọ orin kà ni sọ́lfà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń gbé lórí kíbọ́ọ̀dù nìkan ló kù tí kò tíì mọ̀.

Kíbọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe Yamaha tàbí Casio, tuntun tàbí tòkunbọ̀, kíì 61 ló máa ń ní. Wo àwọn kíì dúdú dáadáa: méjì tò pọ̀, àlàfo, mẹ́ta tò pọ̀, àlàfo, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé òpin. Kíì funfun tó wà lápá òsì àwọn méjì gan-an ni C. Èyí tó wà lápá òsì àwọn mẹ́ta ni F. Tí o bá ti mọ ibi méjì yìí, o ò ní sọnù mọ́. Láti C kan kí o tó dé C mìíràn, ìṣísẹ̀ méjìlá ni, funfun àti dúdú lápapọ̀, gbogbo wọn ló sì dọ́gba. Torí pé wọ́n dọ́gba ni orin kan náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ níbikíbi kó má yí padà. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnu ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Wá gbólóhùn kúkúrú kan tí ìwọ fúnra rẹ hun, bí àpẹẹrẹ: *Òjò rọ̀ sóko wa*. Sọ ọ́ bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kí o wá fi do sí ohùn ìsàlẹ̀, re sí ohùn àárín, mi sí ohùn òkè, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wàá gbọ́ ni do do do mi re re. Wá a kàn lórí kíbọ́ọ̀dù: C C C E D D. O ti tẹ orin nìyẹn, bó ti wù kó kéré mọ.

Orin kì í dúró sórí ohùn mẹ́ta, lóòótọ́. O lè gbé "só" lọ sí sol, kí "ko" rọra sọ̀ sí mi, kí "wa" dúró tì í. Ọ̀rọ̀ náà ò kú, torí pé ohun tó yẹ kó gòkè gòkè, ohun tó yẹ kó rọra wálẹ̀ rọra wálẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí "ko" já láti òkè bọ́ sórí do, òjò ti kúrò lóko nìyẹn, ó ti ń rọ̀ sórí òkò tí ọmọdé ń sọ mọ́ máńgòrò. T. K. E. Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, tó sì kọ ìwé *Yoruba Music* ní 1953, wà lára àwọn tó dúró lé e pé kí orin ìjọ máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Kó tó dìgbà tirẹ̀, wọ́n ti túmọ̀ orin òyìnbó lọ jàra, wọ́n da ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn tí kò bá a mu, a sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní torí ó ti mọ́ wa lára. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa rí mú níbẹ̀ ni pé orin tí Yorùbá fúnra wọn dá yá ju orin ìwé lọ láti fi etí mú. Bí ìka bá ṣìnà, ọ̀rọ̀ inú orin náà á sọ fún un bóyá òkè ló yẹ kó lọ tàbí ìsàlẹ̀. Orin ìwé ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní ti ìka, àtàǹpàkò ni wọ́n ń pè ní kìíní, ìka tó kéré jù ni ìkarùn-ún. Bí o bá ń gun òkè láti C pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ìka mẹ́ta àkọ́kọ́ á tẹ C, D, E. Àtàǹpàkò á wá gba abẹ́ ìka àárín kọjá bọ́ sórí F, ìka yòókù á sì tò tẹ̀ lé e títí dé C òkè. Ibi tí àtàǹpàkò ti ń gba abẹ́ kọjá yẹn ni orin akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń já, torí pé gbogbo apá ló máa fẹ́ gbé sókè. Kò ní oògùn méjì ju kí o dín mẹ́tírónóòmù, ìró tó ń ka ìwọ̀n ìyára orin, kù sí 60, kí o sì máa tún ibẹ̀ tẹ̀ títí ọwọ́ á fi dẹ̀.

Kọ́ọ̀dù ló kàn, ìyẹn ohùn mẹ́ta tí a tẹ̀ pa pọ̀. Àwọn atẹdùrù wa kì í dárúkọ wọn púpọ̀, "wáànù, fọ́ọ̀, fáìfù" ni wàá gbọ́ lẹ́nu wọn. Lórí C, wáànù ni C E G, ìyẹn do mi sol. Fọ́ọ̀ ni F A C. Fáìfù ni G B D. Mẹ́ta yìí gbé ọ̀pọ̀ nínú orin ìyìn tí à ń fi àtẹ́wọ́ kọ. Ibi tí wàhálà wà ni bí ọwọ́ ṣe ń ti ọ̀kan dé èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa fò láti C lọ sí F, láti F lọ sí G, bíi mọ́tò tó ń fo kòtò lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, etí á sì gbọ́ gbogbo fífò yẹn. Àgbà atẹdùrù kì í fò. Ó wà lórí C E G. Ó fi C sílẹ̀ níbi tó wà, ó sún E lọ sí F, ó sún G lọ sí A: fọ́ọ̀ ti dé. Ó padà sórí C E G. G dúró, C sún sí B, E sún sí D: fáìfù nìyẹn. Kò sí ìka tó rìn ju kíì funfun kan lọ. Fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe èyí lọ síwá sẹ́yìn títí o ò fi ní máa wo ọwọ́ mọ́, nígbà náà ni kí o tó fi ohùn orin lé e.

A lè wá padà sórí bọ́tìnnì wa. Nínú kíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ni kíì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. C àárín jẹ́ 60, kíì dúdú tó tẹ̀ lé e 61, D 62. Lórí kíbọ́ọ̀dù oní-kíì 61, nọ́ńbà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 36, ó sì ń parí sí 96. Bí o bá gbé Transpose sí 5, ẹ̀rọ á kàn máa fi 5 kún gbogbo nọ́ńbà tí o bá tẹ̀: o tẹ C, F ló dún. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Àmọ́ ojú rẹ ń wo C, ìka rẹ wà lórí C, F sì ni etí rẹ ń gbọ́. Ẹni tó bá fi èyí kọ́ṣẹ́, etí rẹ̀ kì í mọ orúkọ ohùn kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í jókòó sídìí pianó onígi tí kò ní bọ́tìnnì, tàbí tí aṣáájú orin bá gbé orin sókè láti F lọ sí G láàárín orin, lójijì, gbogbo ìjọ ló máa mọ ohun tó ń ṣe é. Nítorí náà, bí C bá ti mọ́ ọ lọ́wọ́, bọ́ sórí F. Kíì dúdú kan péré ló wà nínú rẹ̀, B flat. Lẹ́yìn ìyẹn, G, tí òun náà ní ẹyọ kan, F sharp. Ẹni tó ní mẹ́ta yìí lọ́wọ́ lè bá ọ̀pọ̀ màmá dé ibi tí wọ́n bá gbé orin sí.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé o rọra tẹ kíì tàbí pé o fi agbára tẹ̀ ẹ́ tún jẹ́ ohun tó yẹ ká mọ̀. Kì í wọn agbára rárá. Abẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà kékeré kan wà tó ní ojú dúdú méjì, ọ̀kan ga díẹ̀ ju èkejì lọ. Bí o bá tẹ kíì, ojú àkọ́kọ́ á kan pátákó iná nísàlẹ̀, ìkejì á tẹ̀ lé e. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì ni ẹ̀rọ ń kà. Bó bá kúrú, ó gbà pé o fi agbára tẹ̀ ẹ́, á dún kíkan. Bó bá gùn díẹ̀, á dún jẹ́jẹ́. Ó ń fi nọ́ńbà láti 1 dé 127 sọ bó ṣe le tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá wọ gbogbo ilé, kíì kan á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké tòò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òmíràn á sì yadi. Eruku ló bo ọ̀kan nínú ojú méjì yẹn, ìṣirò ẹ̀rọ sì dàrú. Ẹni tó mọṣẹ́ á tú u, á fi òwú tó ní spírítì díẹ̀ nu rọ́bà àti pátákó náà, á sì dá wọn padà sípò. Aṣọ tí a fi bo kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìdánrawò akọrin ò tó nǹkan lówó, ó sì ń gba ni lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Bí èyí bá ti yé wa, gbígba orin sílẹ̀ kò ṣòro mọ́. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo ní London ní àwọn ọdún 1920, bí ohùn bá yà lójú kan, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa tún un kọ. Kò sí ọ̀nà láti lẹ ibi tó bàjẹ́. Bọ́tìnnì "Rec" tó wà lára kíbọ́ọ̀dù tìrẹ kì í gba ohùn. Ohun tó ń kọ sílẹ̀ ni ohun tí ìka rẹ ṣe: kíì 60, agbára 90, ó tẹ̀ ẹ́ ní àkókò báyìí, ó gbé ọwọ́ kúrò ní àkókò báyìí. Èdè tó fi ń kọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní MIDI. Ní 1983 ló jáde, Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan ló ṣe agbátẹrù rẹ̀ kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan lè máa bá ti ilé iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní Grammy ti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní 2013. Torí pé ìwé ìka ni, tí kì í ṣe ohùn, o lè gba orin sílẹ̀ ní ìwọ̀n 60 kí o sì tẹ́tí sí i ní 100. O lè fi pianó tẹ̀ ẹ́ kí o sọ ọ́ di fèrè. Ó sì fúyẹ́: orin tó ní ìtẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan kò ju nǹkan bíi káìlóbáìtì mẹ́wàá lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ohùn gidi tí kò fún pọ̀, irú ti CD, tó mẹgabáìtì mẹ́wàá.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ tí kì í tijú lèyí. Tẹ orin rẹ, gbà á sílẹ̀, gbọ́ ọ. Ibi tí ìwọ rò pé ó dùn jù ni wàá ti gbọ́ pé ọwọ́ òsì ti ṣáájú ọ̀tún.

Kí o tó tẹ Rec, jẹ́ kí mẹ́tírónóòmù máa lù, kí o sì wo iye tó ń kà. Bí o kò bá yí i, mẹ́rin-mẹ́rin ló máa kà. Nínú púpọ̀ orin wa, ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlù ń pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, ó di méjìlá. Agogo á wá lu méje nínú méjìlá náà, bí àwọn onílù ṣe ń fi ẹnu pè é: kọ́n kọ́n kóló, kọ́n kóló. Bí ẹ̀rọ bá ń ka mẹ́rin tí kò pín sí mẹ́ta, ìwọ ni wàá máa fà á, òun ni yóò máa tì ọ́, orin ò ní jókòó. Wá ibi tí wọ́n kọ Time Signature sí, gbé e sí 12/8 tàbí 6/8. Ọwọ́ òsì ni kí o kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ lójú ìlà kan, kí o fi ohùn orin sórí ìlà kejì, kí ìlù tẹ̀ lé e bí àyè bá wà. Bí o bá parí, tí ojú ẹ̀rọ ń kọ pé òun ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́, má ṣe pa á. Tí wọ́n bá máa ń mú iná lọ lójijì ládùúgbò rẹ, fi bátìrì sínú rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn kan nínú wọn máa ń pa ara wọn bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìtẹ̀; inú ìwé tó bá kíbọ́ọ̀dù wá lo ti máa rí bí a ṣe ń dá ìyẹn dúró.

Kò pẹ́ tí ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ fi máa fẹ́ gbé e lọ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ìhò USB ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù ló ń gbé MIDI jáde. Wáyà OTG kékeré á so ó mọ́ fóònù Android, BandLab tàbí irú rẹ̀ á sì gbà á. Lórí kọ̀ǹpútà, FL Studio tí àwọn ará Belgium gbé jáde ní 1997 lo máa bá nínú ọ̀pọ̀ sítúdíò kéékèèké. Gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní Quantize, tó ń gbá gbogbo ìtẹ̀ rẹ sórí ìlà tó tọ́. Má jẹ́ kó gbá ọ jìnnà. Bí o bá gbé e sórí ìlà mẹ́rin-mẹ́rin nígbà tí orin rẹ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, á fọ́ kóló rẹ sí wẹ́wẹ́. Tó bá sì jẹ́ ìlà tó tọ́ ni, ó ṣì sàn kí o lò ó fún ìlù àti ọwọ́ òsì nìkan. Ohùn orin tó ń rọra falẹ̀ lẹ́yìn ìlù bí ẹni tí kò kánjú, adùn rẹ̀ wà nínú fífalẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ ò sì mọ̀.

Fún ohùn gidi, wáyà ló dára jù, kì í ṣe kí o gbé fóònù síwájú sípíkà kí adìẹ aládùúgbò náà bá ọ kọrin. Fi wáyà sí ìhò tí wọ́n kọ Phones/Output sí. Sípíkà inú kíbọ́ọ̀dù á dákẹ́, má bẹ̀rù, kò bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìhò ìgbọ́hùn fóònù lo fẹ́ fi gbà á, orí wáyà tó ń wọ fóònù gbọ́dọ̀ ní òrùka dúdú mẹ́ta, torí pé olórùka méjì kì í gbé ohùn wọlé. Dín ohùn kíbọ́ọ̀dù kù kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o máa gbé e díẹ̀díẹ̀. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tí a ń gbà á kò ṣeé tún ṣe. Bí o bá ń gbọ́ "hùùù" lábẹ́ orin, adápítọ̀ ni kí o kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lò ń lò. Yọ ọ́, lo bátìrì fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí orin fi máa parí. Bó bá sì jẹ́ adápítọ̀ mìíràn lo fẹ́ rà, ka iye fóòtì tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù àti àwòrán tó ń fi hàn bóyá àárín ẹnu rẹ̀ ni + wà. Bó ṣe wọ ìhò kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu, mélòó kan nínú wọn ló sì ti ti ibẹ̀ dèrò ọ̀dọ̀ oníṣẹ́.

Bí ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ohùn lé orin rẹ̀, fáìlì MIDI lè gba WhatsApp lọ láìjẹ dátà púpọ̀. Kó fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí ohùn. Nọ́ńbà lásán ló máa dé ọ̀hún. Ẹ̀rọ tó gbà á ló máa yan ohùn tí yóò fi dún. Àdéhùn General MIDI ti 1991 to ohùn 128 lẹ́sẹẹsẹ, 1 jẹ́ pianó, 57 jẹ́ trumpet, ó sì ya ọ̀nà (channel) 10 sọ́tọ̀ fún ìlù. Bí o bá fi ìlù rẹ sọ́nà mìíràn, pianó ni ọ̀rẹ́ rẹ máa gbọ́ tó ń sáré kiri nísàlẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kọ orúkọ ohùn tí o fi sórí ìlà kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n ìyára orin náà ránṣẹ́ sí i, kí o sì fi ohùn gidi kan, MP3 ti tó, tẹ̀ lé e kó lè mọ bó ṣe dún létí tìrẹ.